Ìwọ̀n tó bára mu kò tíì sọ pé mọ́fíìnì ló wà nínú àgbo

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi í gbọ́, mo sì tún gbọ́ ọ láìpẹ́ yìí níbi ìjókòó kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé àwòrán kan sójú pátákó, ó ní òun ti rí mọ́fíìnì, oògùn ìrora líle tí ìjọba ń ṣọ́, nínú àgbo kan tí wọ́n ń tà fún ara ríro. Ẹ̀rí tó mú wá kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀rọ mass spectrometer, tó ń wọn bí mólékù ṣe wúwo tó, tó sì jẹ́ ti high resolution, ìyẹn èyí tó lè ya ìwọ̀n tó súnmọ́ra gan-an sọ́tọ̀, èyí tí wọ́n fi bá a ṣe àyẹ̀wò náà ní òkè òkun, rí ohun kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 286.1438, ìwọ̀n náà sì bá ti mọ́fíìnì mu tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù. Mo bi í pé kí ni ó tún rí yàtọ̀ sí ìwọ̀n. Kí ó tó dáhùn, àgbà kan nínú àwọn olùkọ́ ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀: "Dókítà, ẹ jẹ́ ká fi ọmọ yìí sílẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ẹ̀rọ àtijọ́. Tí ìwọ̀n bá ti bára mu dé ipò kẹrin lẹ́yìn dẹ́símà, ohun kan ṣoṣo ló lè jẹ́." Àwọn tó jókòó mi orí, a sì kọjá sórí iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ gbólóhùn náà ṣì ń ti ẹnu dé ẹnu, láti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníròyìn, ó sì lè ba oúnjẹ ẹni tí kò ṣẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ń ta àgbo yẹn kò sí níbẹ̀ láti sọ tẹnu rẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tí ẹ̀rọ náà kò lè ṣe, ó yẹ kí n sọ ohun tó ń ṣe dáadáa, nítorí láti ibẹ̀ ni àṣìṣe yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, ìwọ̀n náà kì í sì í ṣe odindi nọ́ńbà, àfi ti kábọ́ọ̀nù tí gbogbo ayé fi ṣe òdiwọ̀n, tó jẹ́ 12 géérégé. Háídírójìn jẹ́ 1.0078, náítírójìn jẹ́ 14.0031, ọ́síjìn sì jẹ́ 15.9949. Àwọn ìdá kéékèèké wọ̀nyí ni ẹ̀rọ high resolution ń rí. Carbon monoxide tí ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀ jẹ́ 27.9949, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú jẹ́ 28.0061, ethylene tí èso máa ń tú jáde nígbà tó bá ń pọ́n sì jẹ́ 28.0313. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju odindi nọ́ńbà lọ yóò pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 28. Ẹ̀rọ tuntun yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ láìfi àkókò ṣòfò. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, n kò sì fojú kéré rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tó yà sọ́tọ̀. Fọ́múlà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ló yà. Ohun tó pọ̀ jù lọ tí ìwọ̀n péye lè sọ fún wa ni iye kábọ́ọ̀nù, iye háídírójìn, iye náítírójìn àti iye ọ́síjìn tó wà nínú mólékù kan. Kò lè sọ bí wọ́n ṣe so kọ́ ara wọn. Ẹni tó ka iye búlọ́ọ̀kù, páànù àti pákó tó wọ inú ilé kan kò tíì mọ̀ bóyá ilé alájà kan ni tàbí ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì. Bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe so kọ́ra ló sì ń sọ bóyá ohun kan yóò kùn wá lóorun tàbí yóò ta wá lẹ́nu.

Mo sọ̀rọ̀ títa lẹ́nu nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àgbo yẹn wà. Fọ́múlà mọ́fíìnì ni C17H19NO3. Fọ́múlà piperine náà ni C17H19NO3, láìdín láìlé. Piperine ni ohun tó ń ta ni lẹ́nu nínú ata dúdú wóróworó tí wọ́n ń kó wá láti Íńdíà àti Vietnam, ó sì wà nínú ìyèré tiwa, ìyèré tí à ń lọ̀ sínú ọbẹ̀, tí àwọn ẹlẹ́gbòogi sì ń fi sínú àgbo. Bí a bá ka prótọ́ọ̀nù kan, ìyẹn háídírójìn tí a yọ ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù rẹ̀ kúrò, mọ́ mọ́fíìnì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe máa ń ṣe, ìwọ̀n rẹ̀ á di 286.1438. Bí a bá ka prótọ́ọ̀nù kan mọ́ piperine, òun náà á di 286.1438. Kì í ṣe pé ìwọ̀n méjèèjì súnmọ́ ara wọn. Ìwọ̀n kan náà ni, ní ipò kẹrin, ní ipò kẹjọ, ní ipòkípò tí a bá fẹ́ kà á dé. Nínú àwòrán kejì tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi hàn wá, òun fúnra rẹ̀ to orúkọ àwọn ewé àti èso tí ẹlẹ́gbòogi náà sọ pé òun fi ṣe àgbo náà. Ìyèré wà níbẹ̀.

Mólékù méjèèjì kò sì jọra rárá. Òrùka márùn-ún tó wọ inú ara wọn ni mọ́fíìnì. Piperine gùn bọọrọ: òrùka méjì tó so mọ́ra wà ní ìpẹ̀kun kan, òrùka kan wà ní ìpẹ̀kun kejì, okùn kábọ́ọ̀nù sì so wọ́n pọ̀ láàárín. Ẹ lè fi hydromorphone àti norcodeine kún àwọn tó ní fọ́múlà yìí, nítorí C17H19NO3 ni àwọn náà, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ oògùn ìdílé mọ́fíìnì ló wà nínú àgbo náà lóòótọ́, ìwọ̀n nìkan kò tún lè sọ èwo nínú wọn ni.

Àwọn kan máa ń rò pé bí agbára ẹ̀rọ náà bá pọ̀ sí i, ìṣòro yìí á yanjú. Wọ́n á ní agbára ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀rọ tàwọn kò ju 20,000 lọ ni, ṣùgbọ́n ti Orbitrap, irú ẹ̀rọ high resolution kan tí ń bẹ ní ibi báyìí, ju 200,000 lọ, ti ibòmíràn sì ti wọ mílíọ̀nù. Agbára láti yà sọ́tọ̀ kò wúlò níbi tí kò ti sí ìyàtọ̀ kankan láti yà. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó dára jù lọ láyé wá, kí ẹ fi ìwọ̀n nìkan bi í léèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín mọ́fíìnì àti piperine, kò ní rí ohun kan sọ fún yín, nítorí pé ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn nínú ìwọ̀n.

Kò wá sọ pé ẹ̀rọ náà kò wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tó ti wúlò ni ìgbà tí a bá fọ́ mólékù náà sí wẹ́wẹ́, tí a sì wọn àwọn àfọ́kù rẹ̀. Bí a bá fọ́ mọ́fíìnì, lára àwọn àfọ́kù tí a máa ń rí ni 229.0859, 201.0910 àti 165.0699. Bí a bá fọ́ piperine, òrùka tó ní náítírójìn á já kúrò lápá kan, ohun tó ṣẹ́kù á sì jẹ́ 201.0546, a ó tún rí 135.0441 àti 115.0542. Ẹ wo 201 tó wà nínú méjèèjì. Ẹ̀rọ triple quadrupole, tó jẹ́ pé odindi nọ́ńbà ló ń bá ṣiṣẹ́, máa ń tọpa mọ́fíìnì láti 286 sí 201, ipa kan náà yẹn sì ni àwọn tó ń wọn piperine ń tọ̀. Lójú ẹ̀rọ yẹn, àfọ́kù méjèèjì kò yàtọ̀. Lójú ẹ̀rọ high resolution, 0.0364 ló wà láàárín wọn, àlàfo tó fẹ̀ gan-an ni fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àǹfààní tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ra ẹ̀rọ náà ní owó gọbọi nìyí, òun gan-an sì ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò lò. Kò béèrè àfọ́kù kankan. Ìwọ̀n odindi mólékù nìkan ló gbà lọ́wọ́ wọn.

N kò sọ èyí látorí ìwé nìkan. Ní láàbù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo mọ̀ọ́mọ̀ dán an wò nítorí irú àríyànjiyàn yìí. Mo lọ ìyèré tí mo rà lọ́jà, mo rẹ ẹ́ sínú methanol, irú ọtí kan tí a fi ń yọ nǹkan jáde ní láàbù, mo sẹ́ ẹ, mo là á, mo sì gbé e sínú ẹ̀rọ. Inú sọ́fítíwíà tó ń ka èsì náà, àkójọ orúkọ tí wọ́n gbé sínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn oògùn tí ìjọba ń ṣọ́, nítorí pé irú iṣẹ́ tí láàbù yẹn ń ṣe nìyẹn. Piperine kò sí nínú àkójọ náà, kí ni yóò wá fi piperine ṣe? Bí èsì ṣe jáde báyìí, àmì àwọ̀ ewé yọ níwájú orúkọ mọ́fíìnì, wọ́n kọ àṣìṣe ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kéré gan-an, wọ́n sì tún kọ máàkì sí i, máàkì tó ga. Ẹni tí kò mọ̀ pé ìyèré lásán ni mo lọ̀ ì bá ti gbé fóònù pe ọlọ́pàá. Sọ́fítíwíà náà kò purọ́. Ohun tí wọ́n bi í ni pé, nínú àwọn orúkọ tó wà lọ́wọ́ rẹ, èwo ni ìwọ̀n yìí bá mu? Ó sì dáhùn ìbéèrè náà bó ṣe yẹ.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀rọ kékeré tí àwọn èèyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú lè yanjú rẹ̀. Ẹ̀rọ HPLC àtijọ́, tó ń ya àwọn ohun tó pò mọ́ra nínú nǹkan olómi sọ́tọ̀, tó sì ní iná UV, wà ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kẹ́mísírì ní Nàìjíríà, bí wọ́n bá ti lè rí iná mànàmáná fún un. Piperine máa ń gba iná UV púpọ̀ ní ìsọ̀rí 340 nanometer; mọ́fíìnì kì í gba nǹkan kan ní ibẹ̀ tó ṣeé kà sí, ìsọ̀rí 285 ni tirẹ̀ wà. Yàtọ̀ sí iná, kọ́lọ́mù, ìyẹn ọ̀pá tí ohun tí à ń yẹ̀ wò ń ṣàn gbà kọjá nínú ẹ̀rọ náà, fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Nínú kọ́lọ́mù C18 tí gbogbo wa ń lò, mọ́fíìnì fẹ́ràn omi, kì í pẹ́ kó tó jáde, ó máa ń bọ́ síwájú pẹ̀lú àwọn iyọ̀ àti ṣúgà. Piperine kórìíra omi, ó máa ń lẹ̀ mọ́ kọ́lọ́mù títí tí acetonitrile tàbí methanol yóò fi pọ̀ nínú ohun tí ń ṣàn. Ìdajì wákàtí iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́ yìí á sọ ohun tí ìwọ̀n péye nìkan kò lè sọ láé. Nínú àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, òkè, ìyẹn ṣóńṣó tó yọ lórí ìlà náà, tó pè ní mọ́fíìnì jáde nígbà tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo rí i, mo sì rò pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló yẹ kó rí i.

Títí dé ibí yìí, mo ti gbà fún wọn pé ìwọ̀n péye ń fún wa ní fọ́múlà. Òun náà kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ní 2006, Tobias Kind àti Oliver Fiehn ní yunifásítì California ní Davis ṣe ìṣirò lórí fọ́múlà tó lè wà, wọ́n sì fi hàn pé kódà bí àṣìṣe ẹ̀rọ kò bá tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù, ìwọ̀n nìkan kò tó láti mú fọ́múlà kan ṣoṣo jáde, pàápàá bí mólékù bá ti ń wúwo. Ẹ̀rọ tí àṣìṣe ìwọ̀n rẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n tí a wo bí isotope (irú átọ́ọ̀mù kan náà tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀) ṣe tò, tí àṣìṣe èyí kò sì ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, á ṣe dáadáa ju ẹ̀rọ tí a kàn fojú inú rò, tí àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ 0.1 nínú mílíọ̀nù ṣùgbọ́n tí kò wo isotope. Ó ti pé ogún ọdún tí èyí ti wà ní gbangba. (Mo sì ti rí ibi tí àwọn èèyàn ti gbàgbé láti yọ ìwọ̀n ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù kúrò nínú ìṣirò wọn. Ní 286, ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mílíọ̀nù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún ń fi àṣìṣe tí kò tó ìdá kan yangàn.)

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ata àti mọ́fíìnì. Àwọn tó ń yẹ oògùn apakòkòrò àti oògùn apakoríko wò nínú oúnjẹ mọ terbuthylazine, propazine àti sebuthylazine: C9H16ClN5 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 230.1167 ni ìwọ̀n wọn nínú ẹ̀rọ. Leucine àti isoleucine, tí wọ́n wà nínú ẹran àti ẹ̀wà tí à ń jẹ, jẹ́ 132.1019 lọ́gbọọgba. Methamphetamine àti phentermine tí àwọn dókítà ń fún ẹni tó fẹ́ fọn jẹ́ 150.1277. Methamphetamine fúnra rẹ̀ tún pín sí méjì, ọ̀kan jẹ́ òjìji ìkejì bí ọwọ́ òsì ṣe jẹ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ti apá kan ni oògùn olóró tí gbogbo ayé ń bá jà, ti apá kejì sì wà nínú oògùn ìfàsímú fún imú dídí tí wọ́n ń tà ní gbangba ní Amẹ́ríkà. Àwọn méjì yìí, kódà bí a bá fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́, àfọ́kù kan náà ni. Ó gba ọgbọ́n àkànṣe, bíi kọ́lọ́mù tí wọ́n dìídì ṣe fún irú wọn, kí a tó lè yà wọ́n. Ẹ fojú inú wo ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó fa oògùn imú.

Àwọn tó ń ṣe òfin ti mọ gbogbo èyí tipẹ́. Ìlànà SANTE tí àwọn láàbù Yúróòpù ń tẹ̀ lé fún oògùn oko nínú oúnjẹ kò gba ìwọ̀n kan ṣoṣo. Ó ń béèrè ó kéré tán áyọ́ọ̀nù méjì, ìyẹn mólékù tàbí àfọ́kù tí iná wà lára rẹ̀ tí ẹ̀rọ ń wọn, tí àṣìṣe wọn kò ju ìdá márùn-ún nínú mílíọ̀nù lọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àfọ́kù, kí àkókò tí ohun náà jáde láti inú kọ́lọ́mù má sì fi ju 0.1 ìṣẹ́jú yàtọ̀ sí ti ògidì ohun náà tí a fi ṣe àfiwé, èyí tí àwa ará láàbù ń pè ní standard. Ní 2014, Emma Schymanski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá a ṣiṣẹ́ ní Switzerland gbé àtẹ̀gùn márùn-ún kalẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ bí ohun tí wọ́n rí ṣe dá wọn lójú tó. Àtẹ̀gùn kìíní, tó ga jù, jẹ́ ti ohun tí a ti fi standard jẹ́rìí sí. Èkejì jẹ́ ti ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun, ẹ̀kẹta ti àwọn tí a ń fura sí, ẹ̀kẹrin ti fọ́múlà tó dájú láìsí ohun mìíràn. Ìwọ̀n péye nìkan wà ní ẹ̀karùn-ún, nísàlẹ̀ pátápátá. Ibi tí mọ́fíìnì inú àgbo yẹn wà nìyẹn.

Ní ti àwọn tó gba gbólóhùn náà gbọ́, ohun tí wọ́n máa ń sọ kò pọ̀. Wọ́n á ní ẹ̀rọ náà wọ́n, pé òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é, pé sọ́fítíwíà fún un ní máàkì ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀rí nínú wọn. Iye owó ẹ̀rọ kò yí fọ́múlà padà, máàkì sọ́fítíwíà sì ń sọ bí ìwọ̀n ṣe bára mu ni, kò sọ ohun tó wà nínú ìgò.

Mo gbà pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan po oògùn òyìnbó mọ́ àgbo. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní oríṣiríṣi ibi láyé, n kò sì fọwọ́ sọ̀yà fún gbogbo ìgò tó wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá, ohun tí wọ́n fi hàn wá lọ́jọ́ yẹn kì í sì í ṣe ẹ̀rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà bá mi lẹ́yìn ìjókòó, ó ní, "Ẹ̀yin sà, níbo ni mo ti fẹ́ rí standard mọ́fíìnì? Wọn ò ní tà á fún mi." Òtítọ́ ló sọ, oògùn tí ìjọba ń ṣọ́ ni, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì le. Mo sọ fún un pé kó má tíì wá mọ́fíìnì. Piperine kò ṣòro láti rà, àwọn tó ń ta kẹ́míkà ní in, kò sì sí ẹni tó máa bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Kó gbé e sínú kọ́lọ́mù kan náà, ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú àgbo náà, kó sì kọ̀wé sí àwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà fún un pé kí wọ́n fọ́ 286.1438, kí wọ́n sọ fún un bóyá 201.0546 ni wọ́n rí tàbí 201.0910. Bí ó bá jẹ́ 201.0546, tí ó sì bá piperine jáde ní ìṣẹ́jú kan náà, kí ó yọ orúkọ mọ́fíìnì kúrò nínú tísíìsì rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ olùyẹ̀wò láti ìta.